Ẹṣin Tó Ń Wọ Bàtà Bàbà

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ wá gbọ́ o! Ní Wales, ní Bìrìtéènì, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Pontneddfechan. Àwọn tó ń rìn gbafẹ́ máa ń gba ibẹ̀ wọ inú igbó, wọ́n á yí po, wọ́n á tún já síbi tí wọ́n ti gbéra. Omi ń dà wálẹ̀ gììrì láti orí àpáta lójú ọ̀nà. Ti Sgwd yr Eira, ẹ̀yìn omi náà lèèyàn lè gbà kọjá!

Àmọ́ ara àlàpà tó wà létí odò Mellte gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ilé iṣẹ́ ẹ̀tù ni, láti 1857 títí di 1931. Ìṣáná? Èèwọ̀! Irin tó bá gbá òkúta lè ta iná, gbogbo ẹ̀ á sì gbiná. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bàtà bàbà ni wọ́n kàn mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin wọn.

Ẹ̀yin wẹ́dà tó ń jó irin nídìí táńkì epo, ẹ̀yin ìyá tó ń wọn karosíìnì pẹ̀lú àtùpà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé kí ẹṣin wá mọ ìṣọ́ra jù yín lọ ni? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n o!