Windows 10 ti fẹ̀yìn tì: ṣé ká gbé gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa lọ sí Windows 11 ni?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa pè mí wọlé. Ring Road ni ọ́fíìsì wa wà. Wọ́n ní ohun kan ń yọjú lórí kọ̀ǹpútà àwọn pé Windows 10 ti dópin. "Ìwọ lo mọ nǹkan wọ̀nyí. Ṣé ká gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí Windows 11 ni, àbí ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà? Má sọ gírámà fún mi o. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ló wà ní ọ́fíìsì wa, tokunbo ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo fi ọ̀sẹ̀ yẹn yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí láti Bódìjà dé Challenge, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí, ẹni tó sì máa ń tètè dá wọn lóhùn ni ẹni tó fẹ́ ta kọ̀ǹpútà tuntun fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èrò mi síta: kì í ṣe tuntun la ń wá. Àtúnṣe tó ń dé déédéé la ń wá. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn ò ní náwó tí kò yẹ kó ná, kò sì ní fi ilé sílẹ̀ láìtì.

Kí ló tilẹ̀ ṣẹlẹ̀?

Ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 2015 ni Windows 10 jáde. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún un dúró. Kọ̀ǹpútà yín ò kú ní ọjọ́ kejì. Ó ṣì ń tàn, Word ṣì ń ṣí, ẹ ṣì lè lo WhatsApp Web. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ pé, "Kò kúkú bàjẹ́, kí la fẹ́ tún ṣe lára ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò tọ́. Èèyàn ló kọ Windows, àìmọye mílíọ̀nù ìlà kóòdù ló sì wà nínú ẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn bá ti pọ̀ tó báyẹn, àlàfo ò ní ṣàì sí níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, Microsoft máa ń kó àtúnṣe jáde láti fi dí àwọn ẹnu tí ògiri ti là.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ò fọkàn sí nìyí. Tí àtúnṣe bá ti jáde, àwọn ọ̀daràn íntánẹ́ẹ̀tì náà máa ń wà á. Wọ́n á gbé fáìlì tó wà tẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tuntun, wọ́n á wo ibi tí nǹkan ti yí padà. Ibi tó yí padà yẹn gan-an ni àlàfo wà. Windows 10 àti Windows 11 sì jọ ń lo ọ̀pọ̀ kóòdù kan náà. Nítorí náà, àtúnṣe tí wọ́n ṣe fún Windows 11 lónìí lè di àwòrán ojú ọ̀nà fún olè tó fẹ́ wọlé sínú Windows 10 tí ẹnì kankan ò tún ṣe mọ́. Oṣù tó bá kọjá ń fi kún ewu náà.

Ẹ̀kọ́ láti ọdún 2017 àti 2025

Ẹ rántí WannaCry. Ní ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, ọdún 2017, kòkòrò yìí wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bí 150, ó ti fáìlì wọn pa, ó sì ní kí wọ́n sanwó kóun tó ṣí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará ilé wa ti ń ṣe nọ́ọ̀sì àti dókítà, àwọn ọsibítù ìjọba ní láti fagi lé ìpàdé aláìsàn tó lé ní 19,000.

Ọ̀pọ̀ rò pé Windows XP tó ti gbó ló fà á. Rárá o. Windows 7 ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó kó o, Microsoft ṣì ń tún Windows 7 ṣe nígbà yẹn. Àtúnṣe tó lè dènà ẹ̀ ti jáde láti ọjọ́ 14, oṣù kẹta, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Oògùn wà ńlẹ̀, wọn ò lò ó ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, èsì UTME kan jáde tó ba ọ̀pọ̀ òbí àti ọmọ lọ́kàn jẹ́. Nígbà tí JAMB wádìí ẹ̀, wọ́n rí i pé àtúnṣe sọ́fítíwíà kan tí wọ́n fi sórí àwọn server apá kan ò dé orí àwọn server tó ń bójú tó Èkó àti ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó wá tún ìdánwò ṣe, ní ibùdó 157. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Ọ̀rọ̀ olè kọ́ nìyẹn, àmọ́ ẹ wo bí àtúnṣe kan tí wọn ò fi síbi tó yẹ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọjọ́ iwájú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ lọ sí Windows 11, tó wá pa update torí kí dátà má baà tán, owó ẹ̀ ló fi ṣòfò. Bákan náà ni ẹni tó ń lo Windows tí wọ́n crack, tí wọ́n ti pa update inú ẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún un.

Àmọ́ ẹ má kánjú o

Ìkánjú náà léwu. Ní ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2024, update kan ṣoṣo tí CrowdStrike gbé jáde dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 kalẹ̀ kárí ayé. Bàálù ò gbéra, báńkì dúró. Update yẹn, ààbò ló wà fún.

Èmi náà ti jẹ irú iyán yẹn rí, mo mọ bó ṣe gbóná tó. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Bódìjà, mo gbé gbogbo kọ̀ǹpútà lọ sí Windows tuntun ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Mo ń fọ́nnu. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ tó ń tẹ rìsíìtì ò dá kọ̀ǹpútà mọ̀ mọ́, sọ́fítíwíà ìṣirò owó kọ̀ ó lóun ò ṣí. Ọwọ́ la fi kọ rìsíìtì fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn oníbàárà ń wò mí bí ẹni tó jí nǹkan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé lọ. Mà á wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n tó fọwọ́ kan ìyókù. Mà á sì ti kó gbogbo fáìlì sórí hard disk míì kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí a ò mọ ìgbà tí iná máa lọ láàárín iṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà wo ló lè gbà á?

Windows 11 ní ohun tó ń bèèrè. Ó fẹ́ TPM 2.0. Ìyẹn ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí sí, bí àpótí owó tí wọ́n mọ mọ́ ògiri. Tí ẹ bá ti fi BitLocker ti hard disk pa, olè lè yọ hard disk náà lọ, kọ́kọ́rọ́ tó máa ṣí i ò sí nínú ẹ̀. Ó tún fẹ́ RAM 4GB ó kéré tán, àmọ́ kí ẹ tó lè gbádùn ẹ̀, ẹ wá 8GB.

Processor ló ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró. Tó bá jẹ́ Intel, 8th generation sókè ni Microsoft fọwọ́ sí, ìyẹn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2017. HP EliteBook 840 G3 tó kún Ìbàdàn, 6th generation ni, kò yege. 840 G5 yege. ThinkPad T470 kò yege, T480 yege. Tí ẹ bá fẹ́ ra tokunbo ní Dúgbẹ̀ tàbí ní Ìkẹjà, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé "i5-". Tó bá jẹ́ 6300U, 6 ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ 8350U, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ẹ là ojú yín dáadáa, torí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ń kó èyí tí kò lè gba Windows 11 dànù, a sì mọ ibi tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí.

Àwọn kan mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n ń fi Rufus gbé Windows 11 sórí kọ̀ǹpútà tí kò yege. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ Microsoft ti sọ pé àwọn ò ṣèlérí update fún irú ẹ̀. Àtúnṣe yẹn gan-an la sì ń tìtorí ẹ̀ gbéra. Fún kọ̀ǹpútà eré nílé, ó dáa. Fún ọ́fíìsì, ẹ má ṣe é.

Dátà ta ni?

Ẹ lọ sí Àgbowó, ní iwájú gééètì Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ wọ business center èyíkéyìí, kí ẹ ṣí fódà Downloads inú kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ máa rí NIN èèyàn, sátífíkéètì, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, nígbà míì pásíwọọ̀dù tí ọmọléèwé fi sílẹ̀ nínú browser. Tí olè bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló máa kọ́kọ́ sunkún. Ọmọ tó wá tẹ ìwé ojú kan ni. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, sì ti sọ pé ẹni tó bá ń gba dátà àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Nítorí náà, "kọ̀ǹpútà mi ni, ó wù mí bẹ́ẹ̀" ò kì í ṣe èsì mọ́.

Ohun tí mo sọ fún ọ̀gá

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo padà lọ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀nà mẹ́rin ni mo kọ sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà márùn-ún yege. Ká gbé wọn lọ sí Windows 11, méjì ṣáájú, mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí Windows 10 ẹ̀ bá ní láísẹ́ǹsì.

Èkejì, mẹ́ta ò yege, àmọ́ lẹ́tà àti browser nìkan ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ká fi Linux Mint sórí wọn. Ọ̀fẹ́ ni, LibreOffice wà nínú ẹ̀, wọ́n á sì máa tún ẹ̀dà 22 ṣe títí di ọdún 2029. Ó máa gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó mọ́ àwọn ará ọ́fíìsì lára, àmọ́ ó sàn ju ká lọ ra mẹ́ta míì.

Ẹ̀kẹta, méjì ò yege, orí wọn sì ni sọ́fítíwíà ìṣirò owó wà. Kò lè ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ká sanwó ESU, ìyẹn àtúnṣe àfikún tí Microsoft ń tà. Dọ́là 61 ni fún kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ kan ní ọdún àkọ́kọ́, á di 122 ní ọdún kejì, á di 244 ní ọdún kẹta. Ẹ rí i pé ó ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún: wọ́n ò fẹ́ ká pẹ́ níbẹ̀. Ká san ti ọdún kan, ká fi ọdún yẹn tọ́jú owó kọ̀ǹpútà míì.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀kan ti gbó, ẹ̀rọ scan ńlá yẹn nìkan ló ń darí. Ká yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má sì ki flash kí flash bọ̀ ọ́.

Ọ̀gá wo ìwé náà títí. Wọ́n ní, "Mo ní kó o sọ bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, o wá fún mi ní ìdáhùn mẹ́rin."

Mo ní, "Mà, irú kan kọ́ ni kọ̀ǹpútà yín náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Owó dátà fún update oṣooṣù nìkan ni wọ́n bá mi jà sí. Mo ṣàlàyé WannaCry fún wọn, wọ́n sì fi kún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà tara yín nílé ńkọ́? ESU ti ara ẹni wà, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tó sì gbà kó máa tọ́jú sẹ́tíńgì kọ̀ǹpútà ẹ̀ sórí àkáǹtì náà. Ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 2026 ni Microsoft kọ́kọ́ dá fún un. Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ tpm.msc síbẹ̀, kí ẹ wo ohun tó máa sọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ wo Windows Update, bóyá títàn ló wà àbí pípa. Ẹ ṣe é lónìí, iná wà.