Ẹ Má Fi Bàtá Kúbà Ṣẹ̀sín

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́, àti lẹ́nu àwọn olùkọ́ wa mìíràn, tí n kò lè ṣàì dá lóhùn. Wọ́n ní ijó òrìṣà tí àwọn Lùkùmí ń jó ní Kúbà, àdàmọ̀dì ijó tiwa ni. Èmi kò gbà. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ta ni à ń pè ní Lùkùmí? Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ gé ìrèké ní Kúbà ni, àti àwọn ọmọ wọn. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó tán níbẹ̀. Láàárín ìyà yẹn ni wọ́n ti tún bàtá gbẹ́, tí wọ́n sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Iyá, Itótele àti Okónkolo.

Òótọ́ ni pé ìyàtọ̀ wà. Àwa a máa fi bàtá kọ́rùn, a ó fi ọwọ́ lu ojú kan, a ó fi bílálà lu èkejì. Àwọn a gbé e lé itan, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu ojú méjèèjì. Èdè Sípéènì sì ti gba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kúrò nínú orin wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó jó, ìlù nìkan ni yóò kọ́kọ́ kí àwọn òrìṣà níwájú ojúbọ, láti orí Ẹlẹ́gbára. Nígbà tí ijó bá dé, Ọ̀ṣun a mú abẹ̀bẹ̀, Ṣàngó a gbé oṣé, aṣọ Yemọja a sì máa ru bí omi òkun. Ṣé àdàmọ̀dì nìyí?

Ní 1936 ni Fernando Ortiz gbé bàtá wá síta gbangba ní Havana. Ní 1962 ni wọ́n dá Conjunto Folklórico Nacional sílẹ̀ fún irú ijó bẹ́ẹ̀. Àwa ńkọ́? Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa alárìíwísí ló lè fi etí dá ìlù Ṣàngó mọ̀ yàtọ̀ sí ti Ọya? A fi ọmọ Àyàn sílẹ̀ fún òde ìnáwó, a ń pe ijó baba wa ní ìwà kèfèrí.

N kò ní kí gbogbo wa di abọ̀rìṣà. Mo ní kí a mọ̀ kí a tó dájọ́. Kí onílù bàtá wọ yàrá ẹ̀kọ́ wa bí olùkọ́. Ẹni tí a fi ẹ̀wọ̀n mú lọ kò gbàgbé. Kí ni àwíjàre ẹni tó jókòó sílé?