Lórí Àpáta Sókótó, Kọnkéré Kì í Ṣe Dandan

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ra ilẹ̀ ní ìlú Sókótó ni bíríkìlà máa ń ní kó wá owó sìmẹ́ǹtì, irin àti òkúta wẹ́wẹ́ ìpìlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi dígà kan ilẹ̀ náà wò. Àṣà tó bá ilẹ̀ rírọ̀ Lẹ́kí ní Èkó mu ni wọ́n ń gbé lọ sórí àpáta. Ìnáwó ńlá ni, kò sì pọn dandan.

Iṣẹ́ kọnkéré lábẹ́ ilé ni láti pín ẹrù ògiri káàkiri, kí ilẹ̀ rírọ̀ má bàa gbé e mì. Àpáta líle kò nílò ìyẹn. Ohun tó kù kò ju kí ògiri jókòó sórí ibi tó tẹ́jú, kó má yọ̀, kí omi má sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Oníṣẹ́ yóò gbá erùpẹ̀ kúrò títí àpáta yóò fi hàn, yóò fọ̀ ọ́ mọ́, yóò sì gbẹ́ ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́ ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ni yóò to òkúta gbígbẹ́ lé e, pẹ̀lú iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ tàbí mọ́ ẹfun òkúta tí wọ́n ti sun. Níbi tí òpó yóò bá ti gbé ẹrù tó pọ̀, wọ́n á lu ihò sínú àpáta, wọ́n á sì ri irin mọ́ ọn. Òkúta títò kì í ṣe nǹkan tuntun: ní Sukur, lórí òkè Mandara ní ìpínlẹ̀ Adamawa, òkúta tí wọ́n tò láìfi ohunkóhun lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ààfin Hidi, olórí ìlú náà. UNESCO fi ibẹ̀ sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 1999.

Òkúta ẹfun Kalambaina wà lẹ́bàá Sókótó. Láti 1967 ni wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, nínú iná tó máa ń gbóná tó ìwọ̀n 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó bá le dáadáa nínú rẹ̀, bí wọ́n bá gé e láìsun ún rárá, tó láti gbé ilé ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó bá dún gbọin lẹ́nu dígà ní Sókótó ni àpáta. Lọ́pọ̀ ibi, awọ òkúta pupa onírin ló bo ojú ilẹ̀, tí iyanrìn tàbí amọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Òkúta ẹfun pàápàá, omi máa ń jẹ ẹ́, ihò sì lè wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Èyí tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù jù ni amọ̀ tí wọ́n ń pè ní Dange, tó máa ń wú nígbà òjò, tó sì máa ń súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé tí wọ́n bá gbé ka awọ tínrín lórí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ lè sán, ìbáà ṣe òkúta tàbí kọnkéré ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Jípísọ́ọ̀mù tún wà nínú amọ̀ yìí, omi tó bá sì gbé e máa ń jẹ kọnkéré láti ìta wọnú. Ẹni tó da kọnkéré síbẹ̀ láìyẹ ilẹ̀ wò kò tíì dáàbò bo ilé rẹ̀.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mú pílánù ilé wá ni àbájáde ihò àyẹ̀wò: ihò mélòó kan ní igun ilẹ̀ náà, tí wọ́n lu kọjá ojú òkúta títí wọ́n fi mọ bó ṣe nípọn tó. Yunifásítì Usmanu Danfodiyo wà ní Sókótó, kò yẹ kí ẹni tó lè ka irú ihò bẹ́ẹ̀ wọ́n. Bí òkúta bá nípọn tó sì le, kí wọ́n fọwọ́ sí ìpìlẹ̀ òkúta fún ilé ilẹ̀. Bó bá jẹ́ awọ lásán lórí amọ̀, tàbí tó jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni onílé fẹ́ kọ́, kí injiníà ya irú kọnkéré tó lè kojú amọ̀ àti jípísọ́ọ̀mù.