Ebè àti Poro Nínú Ihò Irin

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àríyànjiyàn àtijọ́ tún ti dìde: ṣé èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì? Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ohun tí ó wọ́n wa ni pé kí ẹni tí yóò sọ nǹkan lórúkọ kọ́kọ́ mọ nǹkan náà. Ẹ jẹ́ kí a fi ibi tí ó le dán an wò: bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń fi ìṣirò kọ̀ǹpútà mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn, tí ó sì ń gbé ooru lọ, nínú ihò irin tí ara rẹ̀ kò dán.

Nínú tọ́báìnì gáàsì, irú èyí tí ó wà ní ibùdó iná mànàmáná Ọlọ́runṣògo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, atẹ́gùn gbígbóná ni ó ń yí àwọn abẹ̀bẹ̀ irin. Nínú àwọn tọ́báìnì ńlá òde òní, ooru atẹ́gùn náà ju èyí tí ó lè yọ́ irin abẹ̀bẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń dá ihò sí inú abẹ̀bẹ̀, tí wọ́n sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó tutù jù ú lọ gba inú rẹ̀. Bí ara ihò bá ń dán, afẹ́fẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ irin yóò máa rọra lọ, yóò dà bí aṣọ tí a fi bò ó, ooru kò sì ní rí ọ̀nà jáde bí ó ti yẹ. Wọ́n wá ń ṣe àwọn ìlà irin kéékèèké dábùú ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ a kọ lù wọ́n, a fò wọ́n kọjá, a yí po lẹ́yìn wọn, a sì tún balẹ̀ sára irin. Láàárín ìlà méjì, àgbègbè ibi tí ó ti balẹ̀ yìí ni ooru ti máa ń kúrò lára irin jù.

Egungun ìhà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi pe ìlà yìí. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láìwo ohun yóò pè é bẹ́ẹ̀ lédè Yorùbá pẹ̀lú, a ó sì máa ronú nípa ẹran. Èmi ń pè é ní ebè. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ebè kò sí láìsí poro, inú poro gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ebè bá sún mọ́ra jù, afẹ́fẹ́ yóò máa fò láti orí kan dé òmíràn láìbalẹ̀ sí poro. Bí wọ́n bá jìnnà jù, àǹfààní ìbalẹ̀ náà yóò dín kù. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ni ó ti lo àlàfo tí ó tó ìlọ́po 10 gíga ebè. Ọ̀rọ̀ méjì péré, wọ́n ti ṣe ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Ìṣàn náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan fẹ́ kí a pè é ní ìdàrúdàpọ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ìdàrúdàpọ̀ jẹ́ ohun tí a ń sá fún, èyí sì jẹ́ ohun tí a fi owó àti ọgbọ́n wá. Ní ọdún 1883, ní Manchester, Osborne Reynolds da aró díẹ̀ sínú omi tí ń ṣàn nínú páìpù dígí. Nígbà tí omi rọra ń lọ, aró náà nà tọọrọ bí òwú. Nígbà tí eré rẹ̀ pọ̀ dé ìwọ̀n kan, òwú náà fọ́n ká, ó sì gba gbogbo páìpù. Yorùbá yóò ní omi náà rú. Nítorí náà, ìṣàn jẹ́jẹ́ nìyẹn, ìṣàn rírú nìyí. Àwọn ìyípo ńlá àti kékeré inú rẹ̀ ni mo ń pè ní ààjà. (Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rántí Ààjà tí ń gbé ènìyàn wọ igbó lọ kọ́ ìmọ̀ egbòogi. Ìyẹn kò dí wa lọ́wọ́.)

Ìṣirò rẹ̀ ni ó wá le. Bí a bá fẹ́ ṣírò gbogbo ààjà, láti orí èyí tí ó tóbi bí ihò títí dé èyí tí ó kéré jù, iṣẹ́ náà kọjá agbára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà Reynolds ni a fi ń díwọ̀n bí ìṣàn ṣe lágbára tó ju kíki omi tàbí afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ 10,000, ojú ibi tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣírò, ní àfojúdá, tó bílíọ̀nù 1. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo àwòṣe: wọn kì í ka ààjà lọ́kọ̀ọ̀kan, àròpín iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣírò. Èyí tí ó gbajúmọ̀ ni k-ε, tí Launder àti Spalding ṣàlàyé ní ọdún 1974. k ni agbára tí ó wà nínú rírú náà, ε sì ni bí agbára ọ̀hún ṣe ń yára di ooru. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ebè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń ṣẹ́rí padà, ó sábà máa ń ṣìnà, a sọ pé afẹ́fẹ́ balẹ̀ kíákíá ju bí ó ti rí lọ. Orúkọ náà, àwòṣe, ti kìlọ̀ fún wa: ohun tí a wò ṣe ni, kì í ṣe ohun náà gan-an.

Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti èkejì ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ó sọ ohun tí wọ́n mọ̀ lórúkọ. N kò rí ìdí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa kò fi ní jókòó tì wá ṣe tiwọn.

Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ebè ń mú irin tutù, ṣùgbọ́n ó ń mú kí agbára tí a fi ń ti afẹ́fẹ́ gba inú ihò pọ̀ sí i. Owó ibodè ni mo fẹ́ máa pe àdánù yìí, nítorí pé ní ìdí ebè kọ̀ọ̀kan ni afẹ́fẹ́ ti ń san díẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan sọ fún mi pé àwàdà ni mo ń ṣe. Kí ó mú tirẹ̀ wá.