Ẹ̀rọ Tí A Rà, Èdè Tí Wọ́n Gbé Pamọ́

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé kalẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà mi: ọ̀rọ̀ èdè náà ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ta ni í ta ẹṣin fún ènìyàn tí í tún gbé ìjánu rẹ̀ pamọ́?

Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké kan wà tí gbogbo ẹ̀yà ara wọn wà lórí pátákó kan ṣoṣo. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Raspberry Pi, tí ó jáde ní ọdún 2012. Dọ́là 35 ni wọ́n ń tà á nígbà náà, ṣájà fóònù sì tó láti fún un ní iná. Fún àwa tí iná ìjọba ń ṣe ségesège, ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́ gidi ni. Linux ni ó wọ́pọ̀ lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Linux kò gbọ́ èdè chip tí ń ya àwòrán sójú ẹ̀rọ. Ògbufọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn. Ògbufọ̀ yìí ni à ń pè ní dráífà.

Ìwà tí ó ń bí mi nínú nìyí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe chip wọ̀nyí kò fi gírámà èdè rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Dráífà tí wọ́n ti dì pa ni wọ́n ń gbé síta, tí ó bá ẹ̀dà kan ṣoṣo mu nínú kernel, tí í ṣe ọkàn Linux. Bí kernel bá ti yí padà, ògbufọ̀ yadi. Ọ̀nà méjì péré ni ó kù fún ẹni tí ó ra ẹ̀rọ: kí ó jókòó ti kernel àtijọ́ pẹ̀lú gbogbo ihò tí olè lè gbà wọlé, tàbí kí ó gba tuntun, kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ya àwòrán, kí fídíò sì máa wọ́ bí ìgbín. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́ o; èdè ni wọ́n gé.

Wọ́n á ní àṣírí òwò ni. Àwáwí ni! Ẹni tí ó kọ ìwé gírámà Yorùbá, ṣé ó kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń mọ ọ̀nà ọ̀fun? A kò béèrè bí wọ́n ṣe rọ chip. Ọ̀rọ̀ tí ó ń gbọ́ ni a béèrè. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2014, Broadcom gbé ìwé àlàyé VideoCore IV, chip àwòrán inú Raspberry Pi, síta fún gbogbo ayé. Ní ọdún náà gan-an ni Eric Anholt bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn láti kọ dráífà tí ó ṣí sílẹ̀. Òwò Raspberry Pi kò tìtorí èyí parun.

Ẹ wá wo Mali, chip ilé-iṣẹ́ Arm. Nígbà tí kò sí ìwé àlàyé fún gbogbo ènìyàn, àwọn kan ṣe ohun tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń ṣe ní abúlé tí èdè rẹ̀ kò tíì ní àkọsílẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sí ohun tí dráífà títì ń sọ fún chip, wọ́n wo àwòrán tí ó jáde, wọ́n yí ẹyọ kan padà, wọ́n tún wò ó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ọkọ́ wé ọkọ̀ kí a tó mọ iṣẹ́ ohùn. Luc Verhaegen fi iṣẹ́ náà, Lima, hàn ní ọdún 2012. Ọdún 2019 ni ó tó wọ inú Linux 5.2, òun àti àbúrò rẹ̀ Panfrost. Mo kan sáárá sí wọn, ṣùgbọ́n ìtìjú ni fún àwọn oníṣòwò: ọdún méje fún ohun tí ìwé kan ìbá ti sọ!

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra irú pátákó bẹ́ẹ̀ fún ara yín tàbí fún ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú tàn yín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé dráífà àwòrán rẹ̀ wà nínú Linux gan-an, àti nínú Mesa, àkójọ dráífà tí ó ṣí sílẹ̀, àbí inú àpò ẹni tí ó tà á ni ó wà? Bí ó bá jẹ́ inú àpò ni, ẹ fi í sílẹ̀ lórí àtẹ. Ohun tí a kò bá lè bá sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a kò tíì rà á. A yá a ni.