Kí A Má Fi Kádàrá Bo Àìbìkítà Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2021, nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè, ìyá aláwọ̀ dúdú tí ó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70. Ti àwọn aláwọ̀ funfun kò pé 27. Àwọn ẹgbẹ́ ìlera kan níbẹ̀ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti fòpin sí ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n ṣe dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí a tó bú òyìnbó, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, ikú abiyamọ ní Nàìjíríà nìkan ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti gbogbo àgbáyé lọ. Níbí, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wa. Owó àti ọ̀nà ni ó pín wa níyà. Aláboyún tí ń gbé Ìdí-Àbà ní Abẹ́òkúta kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ní oko Ọ̀dẹ̀dá lóru ń wá ọ̀kadà kiri. Bí ó bá kú, ta ni yóò fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú?

Òótọ́ ni pé Ànábì wa ka obìnrin tí ìbímọ pa mọ́ àwọn ṣàhíìdì. Ẹ̀san olóògbé ni èyí. Kì í ṣe àwáwí fún alààyè. Ọkọ tí ó ní kí wọ́n dúró de òun kí wọ́n tó gbé aya òun lọ, àti ìjọ tí ó rówó ṣe mọ́sáláṣí lọ́ṣọ̀ọ́ tí kò rówó gbé aláìní dé ilé ìwòsàn, gbogbo wa ni a ó jíhìn.

Súrátù Taobá fi aláìní ṣe àkọ́kọ́ nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí Sàká tọ́ sí. Nítorí náà, kí mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ya apá kan sọ́tọ̀ fún aláboyún aláìní, kí a sì mọ onímọ́tò tí a lè jí lóru.

Kí Ọlọ́hun má fi abiyamọ wa ṣòfò. Àmín.