Ẹ̀fúùfù Láti Àárín Ìṣùpọ̀ Ìràwọ̀

A ní àtúnṣe kan láti ṣe lónìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti sọ fún àwọn ọmọ ilé wa pé ihò dúdú ojú ọ̀run a máa gbé ohun gbogbo mì. Apá kan ọ̀rọ̀ náà ni òótọ́. Ohun tí ó bá ti wọ inú rẹ̀ kò ní padà mọ́; ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni kì í wọlé rárá.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan wà lọ́nà jíjìn. PDS 456 ni àwọn amòye ń pe àárín rẹ̀ tí ń tàn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rìn ju bílíọ̀nù 2 ọdún lọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gáàsì tí ń ṣàn lọ sí ihò dúdú ibẹ̀ a máa yí po bí omi tí ń pòòyì. Bí ó ti ń fi ara ha ara, a gbóná, a sì tàn gidigidi. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá lè ti nǹkan. Nígbà tí ó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, a ti gáàsì sẹ́yìn, a sì sọ ọ́ di ẹ̀fúùfù líle.

Ní 2015, Emanuele Nardini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ẹ̀fúùfù yìí ń fẹ́ sí ìhà gbogbo, ní ìwọ̀n bí ìdámẹ́rin ìyára ìmọ́lẹ̀. Àmì tí irin inú gáàsì náà fi sílẹ̀ nínú ìtànṣán X ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Kí ni èyí já mọ́? Gáàsì ni ìràwọ̀ fi ń di ìràwọ̀. Bí ẹ̀fúùfù bá gbá a dànù, ọmọ tuntun yóò wọ́n nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n ní 2025, awò XRISM tí àwọn ará Jàpáánì gbé lọ sí òfuurufú ní 2023 fi hàn pé ẹ̀fúùfù náà kò rí bákan náà jálẹ̀: ìṣù gáàsì márùn-ún ni, ó kéré tán, ìyára wọn kò sì dọ́gba. Irú ìṣù bẹ́ẹ̀ lè gba àlàfo kọjá láìgbá gbogbo ilé. Ìdí nìyí tí àwọn amòye ṣì fi ń wọn agbára rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá bi yín léèrè, ẹ má ṣe dáhùn bí àwa ti dáhùn. Ẹ wí fún un pé ọ̀jẹun náà ń da púpọ̀ nù. Àgbà tí ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tí ó sì tún un ṣe, kò tẹ́.